Lẹ́yìn Òróró àti Ọtí Wáìnì

Bíbélì kíkà: Lúùkù 10:25-37

Nígbà tí a bá ń wàásù lórí ará Samáríà rere, ìdí òróró àti ọtí wáìnì tí ó dà sójú ọgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró sí. A ó yin ọkùnrin náà, a ó bá àlùfáà àti ọmọ Léfì wí, a ó sì ṣe àmín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ẹsẹ 35 kà. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, ó fún olórí ilé èrò ní owó, tí í ṣe owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ní ìgbà náà. Ó ní kí ó máa tọ́jú ẹni náà, ó sì ṣèlérí pé ohunkóhun tí ó bá ná lé e, òun yóò san án nígbà tí òun bá padà dé. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, wọ́n sì ti di ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ará Samáríà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n lù dójú ikú kò lè dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò.

Owó ọjọ́ kejì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ìdíje eré gọ́ọ̀fù ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu.

Ní ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan wà tí wọ́n ń pè ní St. Jude. Danny Thomas ni ó dá a sílẹ̀, aláwàdà orí ìtàgé àti tẹlifíṣàn tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Lẹ́bánónì. Nígbà tí kò tíì ní láárí, tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, tí kò sì mọ ibi tí owó ilé ìwòsàn yóò ti wá, ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó sì fi dọ́là 7 sínú àpótí ọrẹ nínú ìwọ̀nba èyí tí ó wà lápò rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, iṣẹ́ dé. Nígbà tí ó yá, ó tún jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọ̀nà òun bá là, òun yóò kọ́ ilé ìrántí kan. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni, àpọ́sítélì Júúdà ni ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà fún (ẹ má ṣì í mú fún Júdásì Ìskáríọ́tù). Àwa tí a kì í ṣe Àgùdà kì í gbàdúrà báyẹn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí à ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó ti san tirẹ̀? Ẹ wo Oníwàásù 5:4. Danny Thomas san tirẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1962, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà. Ní àkókò tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì gbilẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, a kì í sì í gbé ìwé owó ìtọ́jú fún òbí kankan.

Ta ni ń san án, nígbà náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, díẹ̀díẹ̀. Ibí ni gọ́ọ̀fù ti wọlé. Láti ọdún 1958 ni ìdíje gọ́ọ̀fù ti ń wáyé ní Memphis. Ní ọdún 1970, Danny Thomas yá wọn ní orúkọ rẹ̀, ìdíje náà sì di ohun tí wọ́n fi ń wá owó fún ilé ìwòsàn yẹn. Òǹwòran ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó kí orúkọ wọn lè hàn, olówó tí kò mọ gọ́ọ̀fù gbá dáadáa ń sanwó kí ó lè bá ọ̀gá eré rìn lórí pápá ní ọjọ́ kan, àwọn ará ìlú sì ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1977, Gerald Ford tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò Ààrẹ gbá bọ́ọ̀lù kan wọ ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀. Lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn náà, Al Geiberger parí ihò 18 ní ìgbá 59 lórí pápá tí wọ́n ṣírò 72 fún, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú ìdíje àwọn ọ̀gá eré náà ní Amẹ́ríkà. Èyí ni àwọn olólùfẹ́ eré ń rántí. Danny Thomas kú ní oṣù Kejì ọdún 1991, ọgbà ilé ìwòsàn rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ìdíje náà kò bá a kú, orúkọ St. Jude ṣì wà lára rẹ̀.

Kí ló dé tí owó náà kì í tó láéláé? Nínú 100 ọmọ tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin ọmọdé mú ní 1962, 4 péré ni ó ń yè é. Lónìí, ó tó 94. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá yè ní láti gbé ayé. Òmíràn wà tí jẹjẹrẹ eegun gba ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò kọ́ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn. Òmíràn wà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú ọpọlọ, tí kò lè di ṣíbí mú mọ́, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wà ní St. Jude tí iṣẹ́ wọn kò ju èyí lọ: kí wọ́n di ọmọ mú kí ó gbé ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n sì tún padà wá lọ́la fún ẹsẹ̀ kejì. Iṣẹ́ náà lọ́ra. Kò sí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Àgbà ìjọ kan lè wí pé eré olówó ni gọ́ọ̀fù, àti pé ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ sára ọrẹ ti gba èrè rẹ̀ ná gẹ́gẹ́ bí Mátíù orí 6 ti wí. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Kí olúkúlùkù bá Olúwa rẹ̀ ṣírò tirẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé wọ́n ń padà wá lọ́dọọdún.

Àwa ń kọ́? Ìgbóbì tí gbogbo wa mọ̀ ní Èkó, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń tún ara àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ṣe. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa onígbàgbọ́ mọ bí a ṣe ń dá owó iṣẹ́ abẹ. A mọ bí a ṣe ń gba ààwẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ẹni náà bá dé, a ó jó, a ó gba ọrẹ ìdúpẹ́, ìwé yóò sì pa dé. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní kí bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ìdárayá apá àti ẹsẹ̀, tí kò sí owó ọkọ̀ nílé. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jókòó sílé. Apá tí ì bá nà ká kò, ó sì le síbẹ̀. Àwọn ará á máa wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó.

Ẹ wo inú ìjọ yín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì mọ ilé rẹ̀. Ẹ lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí ó padà wá, kí ẹ béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà ní àlọ àti àbọ̀, ẹ san ti oṣù kan, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ó tún padà wá fún un.