Àgbà Kì Í Sáré Lásán: Kí Ló Ń Mú Òṣìṣẹ́ Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, àga kan ṣófo nínú yàrá àwa olùkọ́. Àbúrò kan tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá kọ́ni ní ìṣirò ti lọ ṣí ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì ní Banikanni. Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni.

Mo lọ bá a níbẹ̀. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, owó oṣù kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló lé mi. Ọdọọdún ni mò ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun, n kì í sì í mọ̀ bóyá wọn yóò tún pè mí. Ọmọ mẹ́ta kò lè máa jẹ ‘bóyá’.”

Àwọn baba wa ní àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìlú wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1936 ni ojú irin tó ti Kútọnu wá dé Parakou, nǹkan bíi kìlómítà 438. Iṣẹ́ réluwéè di iṣẹ́ iyì. Lónìí, ọkọ̀ tó ń kó èrò lórí rẹ̀ ti dákẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù kò wọlé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìyanṣẹ́lódì sì gba ìlú kan ní 1989, kí Àpérò Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó wáyé ní oṣù kejì ọdún 1990. Ìjọba ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí gun alùpùpù, wọ́n di zémidjan. Nǹkan ló ń lé wọn.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń lé nǹkan: ẹni tó fẹ́ kàwé sí i, ẹni tó rí i pé ọwọ́ òun dá ní iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó fẹ́ dá dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ ìjà pẹ̀lú ọ̀gá kan ni, àgbà lè bá yín parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò ní ọ̀la, ẹ tọ́jú owó, ẹ kọ́ iṣẹ́ tuntun nígbà tí èyí àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ san owó lásìkò, ẹ fi ọ̀la han òṣìṣẹ́ yín.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo kọjá ní ìsọ̀ náà, ọmọ àdúgbò mẹ́rin jókòó lórí àpò sìmẹ́ǹtì, àbúrò mi ń ṣe àlàyé ìṣirò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, àga náà ṣì ṣófo.