Ìrọ̀rùn Ọlọ́hun Kì í Ṣe Ìtìjú: Ohun tí Òkè Mòrókò Kọ́ Wa nípa Ìlera



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fi àwọn òkè ṣe èèkàn fún ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, ìrìn àjò ìgbafẹ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó lọ́tẹ̀ yìí. Ìdílé mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa, tọmọdé tàgbà mẹ́rìnlá, la jọ lọ sí Mòrókò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kí ilé ìwé tó wọlé. A lo ọjọ́ mẹ́rin ní àwọn òkè Atlas, a sì lo ìyókù ní Marrakech àti Fès, ìlú àtijọ́ méjì. A ò kọ èyí láti fi yangàn. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa lórí òkè, ó sì yẹ kí gbogbo ìdílé tó bá fẹ́ rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó san owó.

Ẹ mọ ara yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Toubkal ni òkè tó ga jù ní Àríwá Áfíríkà. Gíga rẹ̀ láti etí òkun jẹ́ 4,167 mítà. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i. Ní nǹkan bí 3,200 mítà, ọ́síjìn tí à ń mí sínú kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí à ń rí mí ní Èkó lọ. Ara tó le máa ń kọ́ bí yóò ṣe fara dà á tí a bá fún un láyè. Ṣùgbọ́n àwọn ara kan wà tí kò yẹ ká fi dán an wò rárá.

Èyí tó kan àwa Yorùbá jù ni ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Tí ọ́síjìn bá dín kù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ kọdọrọ, á dí ojú iṣan, ìrora fọ̀níkúfọ̀ladìde á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó jìnnà sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó jẹ́ AS, bí kò tilẹ̀ ṣàìsàn rí, ní láti kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Àwọn AS kan ti ní ìrora ńlá lábẹ́ ìhà òsì lórí òkè gíga, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹ̀yà ara tó wà níbẹ̀ dáadáa mọ́. Bákan náà ni aláboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn, ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ: kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó pinnu.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà láàárín wa tó jẹ́ SS. Òun gan-an ló kọ́kọ́ ka ìtàn Mòrókò fún wa tí ọkàn gbogbo wa fi fà sí i. Nígbà tí dókítà sọ pé kò gbọdọ̀ gòkè, ó sunkún. Bàbá rẹ̀ ní ká fagi lé ìrìn àjò náà pátápátá. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn pé: “Ẹ máa lọ. Èmi àti ọmọ mi á dúró dè yín ní Marrakech. Tí aláìsàn bá rí omi tí ara rẹ̀ ò gba omi, ṣé kì í ṣe tàyámámù? Ṣé ìrun tó kí kì í ṣe ìrun ni?” Ọ̀rọ̀ yìí la gbé dání lọ. A ò mọ̀ pé a máa nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn

Láti Marrakech sí Imlil, abúlé tó wà nísàlẹ̀ Toubkal, ìrìn ọkọ̀ bíi wákàtí kan àbọ̀ ni. Imlil wà ní nǹkan bí 1,740 mítà. Agbègbè yẹn ni ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ti ṣọṣẹ́ jù, tó pa ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. A rí àwọn ilé tó wó lójú ọ̀nà, a sì rí àwọn ará abúlé tí wọ́n ṣì ń fi tíì ewé míńtì gba àlejò. A ṣe àdúà fún àwọn òkú wọn kí a tó tẹ̀ síwájú.

Láti ìparí ọdún 2018 ni ìjọba Mòrókò ti fi dandan lé e pé ẹni tó bá fẹ́ gun Toubkal gbọ́dọ̀ mú amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ dání. Àwọn agbófinró ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà. Amọ̀nà méjì la gbà, ọmọ ìran Amazigh ni wọ́n, àti ìbaaka mẹ́ta tó ru ẹrù. Ẹ má gba amọ̀nà ẹyọ kan tí ẹ bá pọ̀. Tí ẹnì kan bá ní láti sọ̀kalẹ̀, amọ̀nà kan á bá a lọ, èkejì á dúró ti àwọn yòókù.

Àwọn kan máa ń kúrò ní Marrakech lónìí kí wọ́n lè dé téńté òkè lọ́la. Ìkánjú nìyẹn. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni pé tí ènìyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kó má fi ju 500 mítà lọ gbé ibi tó ń sùn ga lójúmọ́. Ilé ìsinmi tí a fẹ́ sùn lórí òkè wà ní 3,207 mítà, ó sì ga ju Imlil lọ púpọ̀. Nítorí náà, a sun Imlil ní alẹ́ méjì. Ní ọjọ́ kejì, a gun òkè kan tó lé ní 2,200 mítà, a sì padà wá sùn nísàlẹ̀. Ọjọ́ kẹta la tó forí lé ilé ìsinmi. Màmá àgbà kan, ìyá kan àti ọmọdé mẹ́rin dúró ní Imlil. Àwa mẹ́fà la gòkè.

Alẹ́ tí ọmọ wa pa ẹ̀fọ́rí mọ́ra

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan wà nínú àwa mẹ́fà. Òun ló ń sáré ṣíwájú láti àárọ̀. Nígbà tí a dé ilé ìsinmi, kò jẹun. Ó ní òun ti jẹ bísíkíìtì yó lọ́nà. A da Màgàríbì àti Ìṣáì pọ̀, a sì gé Ìṣáì kúrú sí rákà méjì, bí arìnrìn-àjò ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bó ṣe fẹ́ dìde láti ìforíkanlẹ̀, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fi ọwọ́ di èjìká bàbá rẹ̀ mú.

Amọ̀nà tó àgbà rí i. Ó bi í bóyá orí ń fọ́ ọ. Ó ní rárá. Amọ̀nà ní kó rìn lórí ìlà kan tààrà, kó máa fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan kan ọmọ ìka èkejì. Kò lè gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin kó má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ pé orí ti ń fọ́ òun láti ọ̀sán, òun sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì níkọ̀kọ̀. “Mo rò pé owó tí Bàbá mi ná lórí mi á ṣòfò ni.”

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Kò sì sẹ́ni tó ní ká dúró di àárọ̀. Òun, bàbá rẹ̀ àti amọ̀nà àgbà tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lóru yẹn. Wọ́n gbé e lé ìbaaka níbi tí ọ̀nà bá ti dára. Kí wọ́n tó dé Imlil, ẹ̀fọ́rí náà ti ń rọlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó béèrè oúnjẹ. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Marrakech sọ fún wa pé sísọ̀kalẹ̀ lóru yẹn ló gbà á, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú. Alhamdulillah.

Ẹ há àwọn àmì yìí sórí. Ẹ̀fọ́rí, èébì, òòyì, àárẹ̀ àti àìróorunsùn ni ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn òkè gíga. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá tí ènìyàn bá dé ibi gíga. Ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ gòkè sí i. Kó dúró síbẹ̀, kó sinmi. Tí kò bá dín kù, kó sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ewu ti dé nìyẹn. Ìyẹn ti kan ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. Oògùn wà tí dókítà lè fúnni, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó rọ́pò sísọ̀kalẹ̀.

Súrà kejì, aaya 195, kìlọ̀ fún wa nípa fífi ọwọ́ ara ẹni ti ara ẹni sínú ìparun. Ara yìí, ohun ìfipamọ́ Ọlọ́hun ni lọ́wọ́ wa. Ẹni tó pa àìsàn mọ́ra kò tíì ṣe sùúrù. Ńṣe ló ń fi ohun ìfipamọ́ ṣòfò.

Àlùwàlá, òtútù àti ẹsẹ̀

Omi orí òkè tutù débi pé ọwọ́ máa ń kú tipiri. Ìtàn Amr ibn al-As wúlò fún wa níhìn-ín. Lójú ogun kan, ní òru olótùútù, jánábà bá a. Ó bẹ̀rù pé ìwẹ̀ lè pa òun, ó ṣe tàyámámù, ó sì ṣe ìmáàmù fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́ àlàyé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìpalára ló bẹ̀rù, kì í ṣe ìnira lásán. Tí ẹ bá lè gbé omi gbígbóná sínú fíláàsìkì, ẹ gbé e. Ìgò kan tó fún àlùwàlá Àsùbáà ìdílé kékeré tí a kò bá fi omi ṣòfò.

Lẹ́yìn àlùwàlá, ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, pàápàá àárín ọmọ ìka, kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ tútù nínú bàtà ló ń bó, tó ń lé ròrò. Ẹ ti máa wọ bàtà ìrìn náà nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó lọ. Ní ti pípa ọwọ́ lórí húfì dípò fífọ ẹsẹ̀, mazhab Imam Malik, tí àwa àti àwọn ará Mòrókò jọ ń tẹ̀lé, ní kí húfì jẹ́ awọ. Kí ẹ bi àáfà yín kí ẹ tó gbéra.

Omi mímu àti ìgbọ̀nsẹ̀

Odò orí òkè mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ìbaaka àti ewúrẹ́ ń ya ìgbẹ́ sí apá òkè rẹ̀. Ó dára fún àlùwàlá. Ẹ má mu ún láìsè é. Bí a bá ṣe ga tó ni omi ń tètè hó: ní ilé ìsinmi wa, nǹkan bí 89 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló ti ń hó, dípò 100. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ bá ti kọjá 2,000 mítà.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ níta, ẹ rìn tó 60 mítà sí odò, ẹ gbẹ́ ihò, ẹ sì bò ó. Ànábì ti kọ̀ fún wa láti ṣe é sójú ọ̀nà, sí ibi ìbòòji àti sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi. Ẹ gbé ọṣẹ dání.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kó má kún rékọjá etí ṣíbí, mọ́ lítà kan omi tó mọ́. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Nínú àwọn ìlú àtijọ́

Ìlú Fès ti wà láti ìparí ọ̀rúndún kẹjọ, àwọn ọ̀nà tóóró inú rẹ̀ kò sì gba mọ́tò. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru ẹrù, tí ẹ bá gbọ́ “Bálákì!”, ẹ yára yà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, wọ́n ń lo ẹfun àti ìgbẹ́ ẹyẹlé, òórùn rẹ̀ sì le. Wọ́n á fún yín ní ewé míńtì láti fi sí imú. Ẹni tó ní ikọ́ fée kó má pẹ́ níbẹ̀.

Ológbò pọ̀ nígboro, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn láti máa fọwọ́ pa wọ́n lára. Ẹ kìlọ̀ fún wọn, nítorí àrùn dìgbòlugi wà ní Mòrókò. Tí ológbò tàbí ajá bá gé ọmọ jẹ, tàbí ó ha á, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Hàmáàmù, ilé ìwẹ̀ olóoru, ń tu ara lára lẹ́yìn òkè. Ẹ mú sálúbàtà àti kànrìnkàn tiyín dání, ẹ mu omi kí ẹ tó wọlé, ẹ bo ìhòòhò yín, ẹ má sì yá abẹ ìfárí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mẹ́rin nínú wa dé téńté Toubkal ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn wa ti balẹ̀ jù ni mọ́sálásí al-Qarawiyyin ní Fès, èyí tí ìtàn sọ pé obìnrin kan, Fatima al-Fihri, dá sílẹ̀ ní ọdún 859. Ọmọbìnrin wa tó jẹ́ SS ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé ilé rẹ̀ ló mú wa wọ̀. Lẹ́yìn náà, a wọlé lọ kí Àlàásárì, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹni tó dé téńté, ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lóru àti ẹni tí kò gòkè rárá, ìrun kan náà la jọ kí lẹ́yìn ìmáàmù kan.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera tí a ó fi máa sìn Ín, kí Ó sì fún àwọn ọmọ wa ní ẹnu tí wọn yóò fi máa sọ ohun tó ń ṣe wọ́n kó tó pẹ́ jù. Àmín.