Ẹ Yí Ẹ̀yìn Ríìmù Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Nínú ìsinmi tó kọjá, mo kọ́ ohun kan ní ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀.

Camry àbúrò bàbá mi ló ń gbọ̀n. Tí wọ́n bá ti sáré díẹ̀, sítíárín á máa gbọ̀n lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí òtútù ń mú. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, wọ́n ra ríìmù tòkunbọ̀ kan, torí pé kòtò ti fọ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ríìmù náà ń dán, ihò márùn-ún ló sì ní bíi ti àwọn mẹ́ta yòókù. Wọ́n báláǹsì táyà lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí.

Lọ́jọ́ tá a dé ọ̀dọ̀ bàbá fọkanáísà, bàbá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ ilé-ìwé, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi."

Mo kà á: 5×112.

Bàbá mi orí. "Ó tán! 114.3 ni Camry yìí ń lò."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. 5 ni iye ihò. Nọ́ńbà kejì ni fífẹ̀ òbírí tó gba àárín ihò márààrún kọjá, ní mìlímítà. Ọ̀pọ̀ Benz ló ń lo 112. Mìlímítà 2.3 péré ló wà láàárín méjèèjì, ojú lásán ò lè rí i. Ẹni tó bá lágbára á fi súpánà fún un wọlé, àmọ́ nọ́ọ̀tì ò ní jókòó dáadáa, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ò sì ní wà láàárín gangan. Ìyẹn ló ń fa gbígbọ̀n. Bàbá ní tí nọ́ọ̀tì bá fi tú lórí eré, ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ á pínyà.

Báwo ni lẹ́tà ṣe dé ẹ̀yìn ríìmù? Alágbẹ̀dẹ máa ń rọ ọkọ́, á fi irin síná, á lù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ríìmù alloy, dídà ni wọ́n dà á. Wọ́n á yọ́ àlúmínì títí á fi di omi, wọ́n á dà á sínú móòdù, bíi ti àwọn tó ń ṣe ìkòkò àlúmínì. Ohun tí wọ́n bá gbẹ́ sínú móòdù ló máa yọ síta lára ríìmù. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà náà fi wú, tẹ́ ẹ fi lè fi ìka tọ́ ọ. Èyí tó bá jìn wọnú, lẹ́yìn tí ríìmù jáde ni wọ́n lù ú sí i.

Àwọn àmì tẹ́ ẹ máa rí nìyí:

15×6J: ínṣì 15 láti etí kan dé èkejì níbi tí táyà jókòó sí, ínṣì 6 ní ìbú. J ni irú etí tó di táyà mú.

ET45: mìlímítà 45 ló wà láàárín ìdajì ìbú ríìmù àti ojú ibi tá a ti ń dè é mọ́ ọkọ̀. Tó bá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á wọnú jù. Tó bá kéré jù, á yọ síta.

JWL àti VIA: ìlànà ríìmù alloy ti ilẹ̀ Japan ni JWL. VIA ni ti àjọ tó ń rí sí àyẹ̀wò rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ayédèrú náà lè kọ ọ́ o!

Òbírí kékeré tó ní 1 dé 12: ọfà inú ẹ̀ ń tọ́ka sí oṣù tí wọ́n dà á, ọdún á wà láàárín. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti táyà. Lára táyà, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Tẹ́ ẹ ò bá rí 5×nọ́ńbà kankan ńkọ́? Ẹ mú rúlà. Ẹ wọn láti etí òsì ihò kan dé etí òsì ihò tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ fi 1.701 sọ ọ́ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ mìlímítà 67.2, 114.3 ni. Tó bá jẹ́ 65.8, 112 ni. Ẹ fara balẹ̀, torí mìlímítà kan péré lè ṣì yín lọ́nà. Ẹ tún wo inú ẹ̀ bóyá wẹ́dà ti fọwọ́ kàn án rí.

Ẹni tó ta ríìmù náà ò gbà á padà. Owó wọgbó. Àbúrò bàbá mi ra òmíràn, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ yí i wò lọ́tẹ̀ yìí. Sítíárín ò gbọ̀n mọ́.

Torí náà, tí wọ́n bá ń lọ ra ríìmù nílé yín, ẹ tẹ̀ lé wọn, kí rúlà wà lápò yín. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.