Bí Akọni Ṣe Ń Bá Ẹ̀mí Jà Kó Tó Kọ́ Ọfọ̀ Nínú RuneQuest

Nínú ọ̀pọ̀ eré àfẹnusọ tí àwọn èèyàn ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, ìwé ni oṣó fi ń kọ́ iṣẹ́. Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ló fi èyí lélẹ̀: oṣó a ṣí ìwé ọfọ̀ rẹ̀, a há a sórí, bó bá sì ti pè é tán, ó ti kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, àfi kó tún un há. RuneQuest kò gba ibẹ̀. Nínú eré yìí, irú ọfọ̀ kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀mí, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bá ẹ̀mí náà wọ̀jà.

Fún ẹni tí kò tíì rí irú eré yìí rí: òṣèré kọ̀ọ̀kan máa ń di ẹ̀dá inú ìtàn kan mú bí akọni tirẹ̀, adarí eré a máa ròyìn ohun tó bá wọn lójú ọ̀nà, dáìsì ló sì ń dá ẹjọ́ nígbà tí nǹkan bá le. A kọ ìwà akọni sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Èyí tó kàn wá níbí ni agbára ẹ̀mí rẹ̀. Dáìsì mẹ́ta bíi ti lúdò ni wọ́n ń jù láti mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó wà láàárín 3 sí 18.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Chaosium kọ́kọ́ tẹ RuneQuest jáde ní 1978, owó ni akọni fi ń ra irú ọfọ̀ yìí. Ẹ̀dà tí Avalon Hill gbé jáde ní 1984 ló yí i padà, tèmi sì ni pé àyípadà náà ló sọ eré yìí di ohun tó yàtọ̀. Akọni yóò lọ bá ṣámánì, ìyẹn ẹni tó mọ ọ̀nà ayé àwọn ẹ̀mí. Ṣámánì á pe ẹ̀mí tó ni ọfọ̀ náà wá. Ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ mọ nìyẹn. Akọni nìkan ni yóò jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìjà náà bó ṣe wà nínú ẹ̀dà 1984, torí inú ìṣirò yìí gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ká ní akọni ní àmì 13 nínú agbára ẹ̀mí, ẹ̀mí náà ní 9. Bí agbára àwọn méjèèjì bá dọ́gba, ìdá 50 nínú 100 ni àǹfààní ẹni tó bá kọlu ẹnì kejì. Àmì kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá fi ju ẹnì kejì lọ, ìdá 5 ló ń fi kún tirẹ̀. Mẹ́rin ni akọni fi jù, nítorí náà 70 ni tirẹ̀, 30 ni ti ẹ̀mí. Ẹni tí ọwọ́ bá bà yóò pàdánù àmì kan sí mẹ́ta. Bí ẹ̀mí bá pàdánù mẹ́ta, ó ku 6: àǹfààní akọni ti di 85 lójú ẹsẹ̀, ti ẹ̀mí ti já sí 15. Ẹni tó bá ti ń rẹ̀, ńṣe ló ń rẹ̀ sí i. Bí àmì ẹ̀mí bá tán, akọni ti gba ọfọ̀. Bí ti akọni bá tán, ó dákú. Nígbà tó bá sì jẹ́ ẹ̀mí burúkú ni ó ń bá jà, irú àkókò bẹ́ẹ̀ ló máa ń gùn ún.

Àmì kan náà yìí ni akọni ń ná bó bá ń pe ọfọ̀. Bí ó bá ti fi mẹ́fà wo ọgbẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ṣámánì, 7 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ti di 40, ti ẹ̀mí ti di 60. Àwọn tó mọ eré náà dáadáa máa ń sinmi di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó jẹ́ kí ṣámánì pe ẹnikẹ́ni, torí láàárín wákàtí 24 ni àmì náà fi ń kún padà.

Orí sì ní ibi tó lè gbé ẹrù mọ. Nínú ẹ̀dà 1984, nọ́ńbà làákàyè akọni ló ń sọ iye ọfọ̀ tó lè mọ̀. Bladesharp, ọfọ̀ tó ń mú idà mú, máa ń fi ìdá 5 kún àǹfààní àtibá ọ̀tá fún àmì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ẹyọ kan kún ọgbẹ́ tí idà náà ń dá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní àmì mẹ́rin ti gba àyè mẹ́rin lórí ara rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 2018, wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà kúrò lára làákàyè lọ sára bí akọni ṣe ń fa ojú ẹlòmíràn mọ́ra. Mo fara mọ́ èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹni tí àwọn ẹ̀mí bá fẹ́ràn ló yẹ kí wọ́n máa bá gbé.

Greg Stafford, tó dá Chaosium sílẹ̀ ní 1975, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn Glorantha, ayé tí eré yìí ń wáyé nínú rẹ̀, ní 1966, ṣámánì ni òun náà nígbà ayé rẹ̀. Ó hàn nínú bí wọ́n ṣe ṣètò ṣámánì inú eré náà. Ẹni tó bá fẹ́ di ṣámánì gbọ́dọ̀ jí ẹ̀mí kan dìde, tí yóò máa bá a rìn títí ayé. Nínú ẹ̀dà 2018, ó ní láti dojú kọ ẹ̀dá abàmì kan tí wọ́n ń pè ní Bad Man kó tó lè dé ipò náà. Nígbà tó bá dé, agbára tí àwọn yòókù kò ní á di tirẹ̀, pẹ̀lú èèwọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ jẹ.