Ẹ̀fọn tí kò kú lójú ẹsẹ̀: ohun tí ìwádìí òdìkejì odò Ouémé sọ nípa àwọ̀n tuntun

Láti ìgbà tí ìjọba Benin ti ń pín àwọ̀n ẹ̀fọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀sùn kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́mọ nílẹ̀ Kétu: àwọ̀n ìsinsìnyí kò lágbára mọ́. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, òkú ẹ̀fọn ni wọ́n máa ń gbá kúrò lẹ́bàá ẹní. Ní báyìí, ẹ̀fọn á bà lé àwọ̀n, á sinmi, á sì tún fò lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Bí wọ́n bá ti rí i bẹ́ẹ̀, àwọ̀n á di ohun tí wọ́n fi ń bo ewébẹ̀ lóko tàbí tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà adìyẹ.

A kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà sì ti rí i tipẹ́. Àmọ́ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa fi hàn pé bí a kò bá rí òkú ẹ̀fọn láàárọ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọ̀n kò ṣiṣẹ́. Covè, Zagnanado àti Ouinhi ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá ti Kétu kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tó sì la odò Ouémé kọjá, ilẹ̀ Zagnanado àti Ouinhi ló bọ́ sí yẹn. Ẹ̀fọn kì í gba ìwé ìrìnnà kó tó sọdá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe bàjẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹbí oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sára àwọ̀n, pyrethroid ni wọ́n ń pè é. Ní 2007, Raphael N'Guessan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì kan jáde tó kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Irú àwọ̀n kan náà ni wọ́n gbé lọ sí ibi méjì. Ní Malanville, lápá àríwá, ẹ̀fọn 98 nínú 100 tó wọ ilé àdánwò ló kú. Ní Ladji, ní Cotonou, 30 péré ló kú nínú 100. Oògùn kò yí padà. Ẹ̀fọn ló yàtọ̀.

Kí ló fà á? Àwọ̀n fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, torí ẹ̀fọn tí oògùn kò ràn ló ń yè, òun ló sì ń bímọ. Àmọ́ oko náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Martin Akogbéto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní CREC, ibùdó ìwádìí kòkòrò tó wà ní Cotonou, kọ̀wé pé oògùn tí àwọn àgbẹ̀ òwú àti àwọn ọlọ́gbà ewébẹ̀ ń fín, tó ń ṣàn lọ sínú omi tí ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀fọn máa fara da oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn oko lọ́jà, tí ẹ ń rọ ọ́ sínú ìgò tí kò ní orúkọ lára, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ará Kétu sì ni wá, a mọ ìtàn odi. Odi ìlú àti ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà dá ogun dúró fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ ogun Dàhòmì pa ìlú run ní 1886.

Àwọ̀n àtijọ́ yẹn kò tíì di aṣọ lásán ṣá o. Agbègbè tiwa gan-an, Plateau, wà lára ibi tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ló darí iṣẹ́ ọ̀hún ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Benin, Cameroon, Íńdíà, Kenya àti Sudan. Ní Benin, Kétu, Pobè, Sakété àti Ifangni ni wọ́n ti mú àwọn abúlé. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018: níbi tí oògùn kò ti fi bẹ́ẹ̀ ran ẹ̀fọn mọ́ pàápàá, àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ àwọ̀n kì í ní ibà tó àwọn tí kì í sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó wá kù ni bóyá a lè fi oògùn mìíràn kún un.

Ìbéèrè yẹn ni wọ́n gbé lọ sí Covè. CREC àti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera kan ní Lọ́ńdọ̀nù, London School of Hygiene & Tropical Medicine, ló jọ ṣe é. Orúkọ Manfred Accrombessi ló ṣáájú nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2023. Wọ́n pín àwọn abúlé sí ọ̀wọ́ 60. Ọ̀wọ́ 20 gba àwọ̀n tó ní pyrethroid nìkan. Ogún mìíràn gba èyí tí wọ́n fi pyriproxyfen kún, oògùn tó ń sọ abo ẹ̀fọn di àgàn. Ogún tó kù gba èyí tí wọ́n fi chlorfenapyr kún. Oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n pín wọn.

Ta ló yan ẹni tó máa gba èwo? Kì í ṣe baálẹ̀, kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọ̀n. Gègé ni wọ́n ṣẹ́. Ibí yìí ni ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn, a sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí àwọn kan rò pé ẹni tó bá ń ṣẹ́ gègé kò mọ ohun tó ń ṣe ni. Ká ní ẹ fún abúlé orí òkè ní àwọ̀n tuntun, ẹ wá fún abúlé tó wà lẹ́bàá àbàtà ní ti àtijọ́. Ibà lè kéré lórí òkè, ẹ ó sì máa yin àwọ̀n fún iṣẹ́ tí òkè ṣe. Àmọ́ bí gègé bá pín ọ̀wọ́ 60 sí ọ̀nà mẹ́ta, abúlé àbàtà á bọ́ síhìn-ín, á bọ́ sọ́hùn-ún. Olówó àti tálákà, ẹni tó súnmọ́ ilé ìwòsàn àti ẹni tó jìnnà sí i, gbogbo wọn á dà pọ̀ mọ́ra. Bí ìyàtọ̀ ńlá bá wá yọjú lẹ́yìn náà, àwọ̀n ló fà á.

Wọ́n wá ń tọ àwọn ọmọdé lẹ́yìn, láti ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nǹkan bí 30 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ka èsì náà bí ẹni tó ń ka owó ọjà. Ní àwọn abúlé tó gba àwọ̀n àtijọ́, bí ẹ bá mú 100 ọmọ, tí ẹ sì ka iye ìgbà tí ibà mú wọn láàárín ọdún kan, ó jẹ́ 103. Ìyẹn ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ní ibà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó sì lé díẹ̀. Ní abúlé tó gba pyriproxyfen, 84 ni, àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn kò tóbi tó ohun tí ìṣirò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Ní abúlé tó gba chlorfenapyr, 56 ni. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọ̀n chlorfenapyr dín ibà ọmọdé kù ní 46 nínú 100 láàárín ọdún méjì. Àwọn tó dán irú àwọ̀n yìí wò ní Misungwi, ní Tanzania, ti rí èsì tó jọ ọ́ ní 2022. Ní oṣù Kẹta 2023, WHO ní kí wọ́n máa lò ó dípò ti àtijọ́ níbi tí pyrethroid kò ti ran ẹ̀fọn mọ́.

Ìyá tó ń ta gàrí kò nílò dókítà kó tó mọ ohun tí ibà 47 tó kúrò lọ́rùn 100 ọmọ túmọ̀ sí. Ó mọ owó zémidjan tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru, ó mọ owó oògùn, ó sì mọ ọjọ́ ọjà tí kò lè ná.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òkú ẹ̀fọn. Iṣan ara ẹ̀fọn ni pyrethroid ń kọlù. Bó bá ràn án, ẹ̀fọn á ṣubú kíá. Chlorfenapyr kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ara ẹ̀fọn ti ń sọ oúnjẹ di agbára ló ń bà jẹ́. Ẹ wo jẹneretọ̀ tí epo rẹ̀ ń jò: iná kò ní kú lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kò ní pẹ́ tí á fi kú. Ohun tó tún yà wá lẹ́nu ni pé oògùn náà kì í le tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ wọlé; ara ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di májèlé, pẹ̀lú irú iṣẹ́ tó fi ń tú pyrethroid palẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń dúró tó ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó ka òkú. Nínú ilé àdánwò tó wà ní Covè, èsì tó jáde ní 2016 fi hàn pé àwọ̀n olóògùn méjì pa nǹkan bí 7 nínú ẹ̀fọn 10, èyí tó ní pyrethroid nìkan sì pa nǹkan bí 2.

Ẹnì kan lè bi wá pé: ẹ̀fọn tó fò lọ, tó wá kú lọ́túnla, ṣé kò ti jẹ ẹlòmíràn ná? Ó lè jẹ ẹ́. Àmọ́ jíjẹ ọ̀tọ̀, kíkó ibà ranni ọ̀tọ̀. Dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà ní 1897, ó sì wá sí Freetown ní 1899 láti wá ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri lápá ọ̀dọ̀ tiwa. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìṣirò gan-an. Ó fi ìṣirò hàn pé kò dìgbà tí a bá pa gbogbo ẹ̀fọn tán kí ibà tó lọ. Ní àwọn ọdún 1950, George Macdonald gbé ìṣirò yẹn síwájú, ó sì rí i pé iye ọjọ́ tí ẹ̀fọn ń lò láyé ló ṣe kókó jù. Ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ibà lónìí kò lè kó o ran ẹlòmíràn lọ́la. Kòkòrò náà ní láti dàgbà nínú rẹ̀ fún bí ọjọ́ 10 sí 14, kó tó dé ibi itọ́ rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ebi á pa ẹ̀fọn náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, á sì máa wọ ilé kiri. Bí àwọ̀n bá wà nílé tó kọ́kọ́ wọ̀ àti nílé aládùúgbò, ó ṣòro kó pé ọjọ́ 10.

Ìmọ̀ físíìsì náà dá sí i. Òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ń jáde, ta ló wá lè wò ó bó ṣe ń ṣe? Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, àwọn olùwádìí ní Liverpool lo infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, wọ́n sì fi kámẹ́rà tọpa ẹ̀fọn bó ṣe ń fò yí àwọ̀n tí èèyàn sùn sínú rẹ̀ ká. Òkè àwọ̀n ni wọ́n pọ̀ sí jù, ní ọ̀gangan àyà ẹni tó sùn. Ooru ara àti èémí wa ló ń gòkè. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rán àwọ̀n tó ya, kó ti òkè bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ẹ̀gbẹ́.

Àwọ̀n yìí kì í mú ibà kúrò pátápátá. Ibà 56 ṣì pọ̀ fún 100 ọmọ. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024 ni Benin bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, ẹ sì lè béèrè nípa rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Àmọ́ ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ àwọ̀n.

Bí wọ́n bá tún pín àwọ̀n fún yín, ẹ wo àkọlé tí wọ́n rán mọ́ ọn lára, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ tó ń lọ ilé ìwé bá yín kà á. Interceptor G2 ni orúkọ èyí tó ní chlorfenapyr tí wọ́n lò ní Covè, iṣẹ́ BASF ti ilẹ̀ Jámánì. Bí orúkọ mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlera tó gbé e wá léèrè oògùn tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ tú u sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó so ó. Bó bá dọ̀tí, ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má da omi Javel sí i, ẹ má sì sá a sí oòrùn, torí àwọn méjèèjì máa ń ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́.