Ohun Mímu Èso fún Àlejò Ọdún: Ohun Tí A Ò Gbé Kaná

(Ohùn mẹ́ta ni mo fi sórí grúùpù. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tó wà nínú ariwo ọjà, àti àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn gígùn.)

OHÙN KÌÍNÍ

Admin yín ni, láti Ugbor níbí. Ìbéèrè tó pọ̀ jù lórí grúùpù lọ́sẹ̀ yìí ni ti ohun mímu. Àwọn kan ní owó ẹlẹ́rìndòdò ti ga jù, wọ́n fẹ́ fi èso po ohun mímu fúnra wọn nílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń ṣe é lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tọ́rọ̀ wà. Ọbẹ̀ tá a sè, iná ti bá wa pa kòkòrò inú ẹ̀. Èso tútù ò rí iná rárá. Ohunkóhun tó bá wà lára ọwọ́, ọ̀bẹ, omi tàbí yìnyín, inú àlejò ló ń lọ tààrà. Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ pé ohun mímu òfìò tí wọ́n ń ṣe láìforúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ń tà kiri, wà lára ohun táwọn fura sí. Òfìò fúnra ẹ̀ ò ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe po ó ni ká bẹ̀rù.

Àwa sì rèé, ìlú onílùú la wà. Lọ́jọ́ ọdún, onílé wa tó jẹ́ ọmọ Bìní ń bọ̀, oníbàárà wa ń bọ̀, Alájì ń bọ̀, Pásítọ̀ ń bọ̀. Tí inú bá run ẹnì kan nílé rẹ, ọ̀rọ̀ yẹn á ti dé ọjà kó o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ó yá, ká lọ ra èso. Ì báà jẹ́ Santana lójú ọ̀nà Sapele, ì báà jẹ́ Ọjà Ọba tàbí New Benin, ojú àti imú lẹ máa fi rà á. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, irú èyí tí wọ́n ń tò sẹ́bàá títì ní Ehor lọ́nà Auchi, tí wọ́n bá ti gé e kúrò lóko, kì í dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Àwọ̀ ẹ̀ lè yí padà, ara ẹ̀ lè rọ̀, àmọ́ adùn ẹ̀ ò ní lé. Ẹ gbóòórùn ìdí ẹ̀. Tí kò bá ta sánsán, ẹ fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọsàn àti wọ́tàmẹ́lọ̀n. Ti wọ́tàmẹ́lọ̀n, ẹ wo ibi tó fi sùn sílẹ̀ lóko. Tó bá pọ́n bí òrí, ó gbó. Tó bá funfun, wọ́n tètè ká a ni.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ yàtọ̀, àwọn yẹn lè pọ́n nílé. Ibẹ̀ gan-an làwọn kan ti ń fi kábáìdì, èyí táwọn wẹ́dà ń lò, fipá pọ́n ọn. NAFDAC ti kìlọ̀ ẹ̀ léraléra, torí májèlé bí arsenic lè wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara ẹ̀ pọ́n rokoṣo bákan náà, tí ìdí ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí inú ẹ̀ le tí kò ládùn, ẹ fura.

Tí ìyá oníèso bá sọ pé òun ní otien, ẹ má wojú ẹ̀ o. Agbálùmọ̀ wa náà ni. Èmi kì í fi lọ̀ mọ́ nǹkan, mo máa ń gbé e sórí tábìlì kí wọ́n máa jẹ ẹ́ ni.

OHÙN KEJÌ

Iye tá a máa pò ńkọ́? Ká ní èèyàn 20 ń bọ̀, ife méjì méjì fún ẹnì kan, ife kan jẹ́ 25cl. Lítà 10 nìyẹn. Bí mo ṣe ń pín in nìyí: sóbò lítà 5, omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó lítà 3, omi ọsàn lítà 2. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó mọ níwọ̀n bíi mẹ́fà àti ọsàn bíi 30 máa ń tó mi.

Sóbò, ìyẹn ìṣápá pupa gbígbẹ, ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ nítorí pé òun nìkan ló ń rí iná. Ẹ lè sè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Agolo mílíìkì márùn-ún sí omi bíi lítà mẹ́fà, torí iná á fà díẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa kí iyanrìn ẹ̀ kúrò, ẹ fi atalẹ̀ tí ẹ gún àti kànáfùrù díẹ̀ sí i, kó hó fún bíi ìṣẹ́jú 20. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́ lè bá a hó, ó máa ń fún un lóòórùn. Ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù, ẹ dé e, kó wọ fíríìjì.

Alẹ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gé wọ́tàmẹ́lọ̀n wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ kó o sínú ọ̀rá tó mọ́, kó di yìnyín nínú fírísà. Ẹ má lọ̀ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́, omi ẹ̀ á yọ lọ́tọ̀, ó sì tètè ń bàjẹ́. Àmọ́ tó bá ti dì, òun gan-an ló máa mú ife tutù, tí àlejò á sì tún jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ fọ gbogbo èso pẹ̀lú èèpo ẹ̀ lábẹ́ omi tó ń ṣàn kí ọ̀bẹ tó kàn án, torí ìdọ̀tí ẹ̀yìn èèpo, ọ̀bẹ ló ń gbé e wọnú. Ọ̀bẹ àti pátákó tá a fi gé ẹran àti adìẹ ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ fi omi tó ti hó tó ti tutù díẹ̀ lọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ. Ọsàn, fífún ni ẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ mọ́ kóró àti funfun inú èèpo, á korò. Òun ni kẹ́ ẹ fún gbẹ̀yìn, torí tó bá pẹ́ nílẹ̀ náà, ó lè korò. Ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i, iyọ̀ ṣín-ín-ṣín, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó mọ̀ bóyá ó fẹ́ ṣúgà.

Ẹ má fi ṣúgà sí gbogbo ẹ̀. Jọ́ọ̀gì méjì ni kẹ́ ẹ gbé síta, kẹ́ ẹ fi àmì sí wọn. Síbẹ̀, ẹ má tan àgbà tó ní àtọ̀gbẹ pé èyí tí kò ní ṣúgà ò ní nǹkan nínú. Omi èso fúnra ẹ̀ ládùn tó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ìdajì ife tó o, kó sì jẹ èso tí a ò fún.

Ọsàn gírépù, èmi kì í fi sí i. Ó máa ń bá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan jà, ẹ ò sì lè mọ ohun tí àlejò lò láàárọ̀. Mílíìkì ńkọ́? Tó bá pàdé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù, ó máa ń dì, ó sì ń korò.

Ẹnì kan bi mí nípa Chapman. Ó dùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ Angostura bitters tí wọ́n ń kán sí i, ọtí ni: ohun tó lé ní ìdá 44 nínú 100 ẹ̀ ló jẹ́ ọtí líle. Ẹ̀kán díẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Alájì tó gba ife lọ́wọ́ rẹ fọkàn tán ọ ni. Tó o bá fi sí i, sọ fún un. Èmi ń fi atalẹ̀ àti kànáfùrù dípò ẹ̀, gbogbo ilé á sì jọ mu ún.

OHÙN KẸTA

Ó ku yìnyín. Yìnyín ńlá tí wọ́n ń gé tà lọ́jà, èyí táwọn oníẹja ń rà, ta ló mọ omi tí wọ́n fi ṣe é? Ẹ rà á tí iná ò bá sí, ṣùgbọ́n ìta ni kó wà. Ẹ kó o sínú kúlà tàbí ọpọ́n, kẹ́ ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí sáàárín ẹ̀. Èyí tó máa wọnú ife, píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC ni kẹ́ ẹ fi dì. Ẹ fọ ẹ̀yìn ọ̀rá ẹ̀ kẹ́ ẹ tó là á.

Ẹ má gbé gbogbo lítà 10 síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti lo wákàtí méjì nínú ooru, ẹ dà á nù. Tí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí kan ti tó. Mo mọ̀ pé ó ń dun oníṣòwò láti da nǹkan nù, àmọ́ owó ilé ìwòsàn ju owó ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ. Ẹ fi síbí oníga bù ú. Kí ọmọdé má ti ife tó ti mu bọnú ọpọ́n.

Tí inú bá wá ṣí ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró wò ó. Omi tó mọ́ lítà 1, ṣíbí ìpotíì ṣúgà 6 tí kò kún kọjá ojú ẹ̀, ìdajì ṣíbí iyọ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó má fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ o. Ẹ bi í níbí kí gbogbo wa gbọ́. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí ọsàn ti dínwó lọ́sẹ̀ yìí, kó sọ fún wa jàre. Ọdún á yabo. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé.