Ibo Ni Èéfín Náà Ń Lọ? Ohun Tí Ẹ̀rọ Lésà Kọ́ Wa ní Magboro

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Inú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń dùn nínú yàrá iṣẹ́ wa ní Magboro. A ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fáànù tó ń fa èéfín kúrò lára ẹ̀rọ lésà wa sí èyí tó lágbára jù ú lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, a gé pákó fún wákàtí kan gbáko láìjẹ́ pé omi ń dà lójú wa. Ibi tí a ti ń kí ara wa kú iṣẹ́ ni a ti gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ìkókó tó ń gbé ilé kejì ni, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ kú alẹ́ o, Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí lẹ̀ ń sun gan-an? Tẹ́lẹ̀, a kàn máa ń gbóòórùn ẹ̀ fìrí ni. Lónìí, gbogbo ilé wa ló kún. Ọmọ yìí ò tíì yéé húkọ́ látìrọ̀lẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́, a sì pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo mú tọ́ọ̀ṣì lọ sí ẹ̀yìn ilé, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ẹnu páìpù wa dojú kọ fèrèsé yàrá rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Èéfín tí à ń yọ̀ pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ ìkókó ló gbà lọ.

Àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ àlàyé bí a ṣe tún iṣẹ́ náà ṣe. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín lẹ ní ẹ̀rọ lésà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi yàrá ṣe ibi iṣẹ́: ẹni tó ń ṣe èékánná, ẹni tó ń po ọṣẹ, ẹni tó ń kun bàtà. Ìbéèrè kan náà ló kan gbogbo wa.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ń fi lésà ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹ̀rọ náà. Irú ẹ̀bùn òde àríyá àti pátákó orúkọ tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ló ń fi í ṣe. Èmi ń fi í gé lẹ́tà Yorùbá onípákó fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, tó dá lé bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń dá e mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ, o sí ọ, àti s sí ṣ. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ọmọ 20 ni mo fẹ́ lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àpò lẹ́tà tirẹ̀. Lẹ́tà 500 nìyẹn.

Ẹni tó bá ti gé lẹ́tà Yorùbá rí mọ ìyọnu tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá gé Ẹ, E á dá dúró lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ á já bọ́ sínú ẹ̀rọ bí ẹ̀wà. Mo ní láti fi afárá tẹ́ẹ́rẹ́ so àmì náà mọ́ lẹ́tà rẹ̀. Bí afárá bá tín-ín-rín jù, á ṣẹ́. Bí ó bá nípọn jù, ọmọdé kò ní rí i bí àmì mọ́. Mo gé e, mo tún un gé. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì gé e, èéfín ni.

Ìdí tí èéfín fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀

Ẹ̀rọ kékeré oníwáàtì 40 ni tiwa, irú èyí tí àwọn tó ń fi í ṣeré ọwọ́dilẹ̀ káàkiri ayé ń pè ní K40. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lò kò ṣeé fojú rí. Inú gáàsì carbon dioxide ló ti ń jáde, ọ̀nà tí Kumar Patel kọ́kọ́ ṣàwárí ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964. Pákó àti perspex máa ń gba ìmọ́lẹ̀ yìí sára dáadáa, ó sì máa ń di ooru gbígbóná janjan lójú kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ yìí kò gé nǹkan bí ọ̀bẹ ṣe ń gé e. Sísun ló ń sun ún títí tí ojú ibẹ̀ á fi lu. Gbogbo ohun tó wà lójú ibi tó gé yẹn ti di èéfín àti gáàsì. Ẹ kò lè ra ẹ̀rọ lésà tí kò ní mú èéfín wá. Ibi tí èéfín máa gbà lọ nìkan lẹ lè yàn.

Èéfín kò sì rí bákan náà. Ti pákó ní eruku dúdú tó kéré débi pé ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, àti carbon monoxide, gáàsì kan náà tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Plywood àti MDF ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ń jó, formaldehyde wà lára ohun tó ń jáde, òun ló ń ta ni lójú. Ti perspex ní òórùn líle kan tí àwọn ọ̀rẹ́bìnrin mi mọ̀ dáadáa, nítorí ó jọ òórùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lẹ èékánná.

Ọ̀kan wà tí a kò gbọdọ̀ gé rárá: PVC. Kì í ṣe káàdì ìdìbò ni mo ń sọ o. Rọ́bà tó ní chlorine nínú ni, ó wà nínú ọ̀pọ̀ awọ àtọwọ́dá àti ọ̀rá tí wọ́n fi ń lẹ ara mọ́tò. Bí lésà bá sun ún, hydrogen chloride ló ń tú jáde. Bí ìyẹn bá kan omi, ásíìdì ni. Á jó ọ̀nà ọ̀fun yín, á sì mú kí irin ẹ̀rọ yín dípẹtà. Kò sí fáànù tó sọ ọ́ di ohun tí a lè gé. Bí ẹ kò bá mọ irú rọ́bà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ lọ sí ìta gbangba, ẹ fi ẹ̀mú di wáyà kọ́pà mú, ẹ mú un gbóná nínú iná gáàsì, ẹ fi kan rọ́bà náà, kí ẹ tún dá wáyà padà sínú iná. Bí iná bá di àwọ̀ ewé, àmì chlorine nìyẹn. Ẹ gbé rọ́bà náà jù sílẹ̀.

Fífẹ́ àti fífà

Fáànù tó bá ẹ̀rọ wa wá jẹ́ ti oníke kékeré kan, a fi kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, túùbù oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì gba ojú fèrèsé jáde. Àlàfo wà yíká ibi tó ti fara kan ẹ̀rọ, èéfín sì ń gba ibẹ̀ padà wá bá wa.

Ojú wa kọ́kọ́ wà lára agbára fáànù nìkan, ṣùgbọ́n ibi tí fáànù dúró sí ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dá-èdè ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ níbí. Fáànù kan náà ń ṣe iṣẹ́ méjì tí Yorùbá fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì pè: níwájú rẹ̀, ó ń fẹ́, lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fà. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, fífẹ́ ni tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò sì níṣòro, nítorí àgbẹ̀dẹ kì í sábàá ní ògiri yíká. Àwa wà nínú yàrá.

Bí fáànù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń fẹ́ èéfín sínú páìpù, ibi gbogbo tí páìpù bá ti lu ni èéfín á ti máa tú sínú ilé. Bí fáànù bá wà ní òpin páìpù, níta, fífà ló ń fa gbogbo páìpù inú ilé. Bí ihò bá wà, afẹ́fẹ́ yàrá ló máa gba ibẹ̀ wọlé, èéfín kò ní jáde. Ẹ wo rọ́bà omi tó lu: á máa tu omi sí yín lára. Ẹ wá wo súrọ́ọ̀ tí ẹ fi ń mu ohun mímu: bí òun bá lu, afẹ́fẹ́ lẹ máa fà mọ́ ọn, kò ní dà sí yín láṣọ.

Nítorí náà, a gbé fáànù jáde síta, a fi àpótí kékeré bò ó nítorí òjò.

Páìpù

Ohun kejì ni páìpù. Ara túùbù tó ń ká bí kòkòrò kò dán, èéfín sì máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. A lo páìpù púlọ́ḿbà tó dán nínú, oníínṣì mẹ́fà dípò mẹ́rin. Ó lè dà bíi pé ínṣì méjì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojú ihò la máa ń wò: ti oníínṣì mẹ́rin jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 81 níbùú lóròó, ti oníínṣì mẹ́fà jẹ́ nǹkan bí 182. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ́líbò méjì péré la lò, nítorí gbogbo ìtẹ̀kọrọ ló ń dín agbára fáànù kù. Apá tó súnmọ́ ẹ̀rọ jẹ́ páànù, kí ooru má bàa yọ́ ọ. Ọ̀gá kan tó ń ṣe sítóòfù eléèédú ló bá wa rọ ọ́. A fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dí gbogbo ìsopọ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbàgbé èyí. Yàrá wa jẹ́ mítà 3 sí 3.6, ó sì ga tó mítà 3; afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 32 níbùú, lóròó àti lóòró. Bí fáànù bá ń kó 320 jáde ní wákàtí kan, ó ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ yàrá náà ní ìgbà mẹ́wàá. Níbo ni èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ máa gbà wọlé? Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, fáànù á kàn máa pariwo lásán ni. A ṣí fèrèsé tó wà ní òdìkejì ẹ̀rọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí afẹ́fẹ́ tútù lè kọjá lára wa kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹnu páìpù

Ibí la ti jẹ̀bi. Nísinsìnyí páìpù gun ògiri ẹ̀yìn lọ sókè, ó yọ kọjá orí páànù ilé ní nǹkan bíi mítà kan, ní ìhà ibi tí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ wà. Fìlà páànù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lórí rẹ̀ kí òjò má bàa wọ̀ ọ́, a sì lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ kí omi tó bá sá wọlé lè jò dànù. A ronú nípa àlẹ̀mọ́ eléèédú tó ń gba òórùn, ṣùgbọ́n ó ń tètè kún tí a bá ń gé pákó, kò sì lè gba carbon monoxide.

Iná náà tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, lésà á kú, fáànù á kú, èéfín tó kù nínú ẹ̀rọ á sì rọra máa jáde sí yàrá. A so fáànù nìkan mọ́ bátìrì àti inverter kékeré kó lè ṣiṣẹ́ lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Iná lè ràn nínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, nítorí náà a kì í fi í sílẹ̀ kó dá ṣiṣẹ́, èròjà ìpaná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Bí a ṣe dán an wò

Ẹ má fi imú yín dán an wò, imú máa ń mọ́ òórùn lára, á sì dákẹ́. Oògùn ẹ̀fọn tí à ń sun la lò. A tan án, a pa lésà, a tan fáànù, a wá gbé èéfín oògùn náà yíká ìdérí ẹ̀rọ àti gbogbo ìsopọ̀ páìpù. Níbi tí èéfín bá ti tẹ̀ wọlé, ó dára. A rí ibì kan tó ń yí gbiri láìwọlé, lábẹ́ ìdérí. A fi fóòmù dí i.

Èyí tó ṣòro ni ìdánwò kejì. A bẹ ìyá ìkókó kó ṣe adájọ́. Ó dúró sínú yàrá rẹ̀, a gé perspex fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n mi sì pè é lórí fóònù.

"Bọ̀dá, ọbẹ̀ tí mo gbé kaná nìkan ni mò ń gbóòórùn ẹ̀ o."

Ọmọ náà ṣì húkọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lọ. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èéfín wa ló fà á, mi ò sì lè sọ pé òun kọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fún oṣù mẹ́ta kó tó kanlẹ̀kùn, ó ti ń gbóòórùn wa, kò sì sọ nǹkan kan. Àdéhùn wa báyìí ni pé a kò ní gé ohunkóhun lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti pé bí atẹ́gùn bá yí padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kó pè wá.

Lẹ́tà 340 ni mo ti gé báyìí, ó ku 160. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ nínú yàrá, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ jáde sí ẹ̀yìn ilé yín, kí ẹ wo fèrèsé tó dojú kọ tiyín. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Tiwa yọ sójú fèrèsé aládùúgbò kí àwa tó rí i.